Ẹ Ka Ọjọ́ Tí Ilé Ṣófo Kí Ẹ Tó Ka Owó Ilé

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ilé-ìdáná bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa. A tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru tí ẹ kò tíì sùn, mo mọ̀ pé oorun ń kùn yín. N kò ní í pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ṣe akọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ ìyókù, apá kan ní Ìbàdàn, apá kan níhìn-ín ní New Jersey. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí mo fẹ́ bá yín ṣe lónìí, owó ara mi ni mo fi kọ́ ọ, nítorí náà kò lè tètè kúrò lórí mi.

Láàárín oṣù kan, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ló tọ̀ mí wá. Ọ̀kan fẹ́ kó owó èsúsú rẹ̀ kí ó tó kàn án. Èkejì fẹ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹ̀kẹta ti sanwó fún ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ilé tí kì í ṣe tẹni di olówó. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ ṣe: kí wọ́n kó àga àti bẹ́ẹ̀dì sínú ilé, kí wọ́n sì máa fi í háyà fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́. Gbolóhùn kan náà sì ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ wọn: “Bọ̀dá, ẹ̀yin náà kúkú ń ṣe é.”

Òótọ́ ni, mo ń ṣe é. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí alága fún mi láyè, kí n tú àpò mi sílẹ̀ níwájú yín, kí ẹ rí ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀.

IRÚ ÒWÒ WO NI?

Ẹ wo wọ́ọ̀dù tí ẹ ń gbé oúnjẹ lọ lójoojúmọ́. Bí nọ́ọ̀sì kan bá lọ bímọ, tí òmíràn fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí àìsàn ìgbà òtútù sì kó èèyàn kún bẹ́ẹ̀dì, ilé-ìwòsàn á ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń rán nọ́ọ̀sì káàkiri. Wọ́n á rán ẹnì kan wá láti Georgia tàbí láti Florida. Àdéhùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan o. Àwọn tó ń tọ́jú èémí aláìsàn àti àwọn tó ń ya fọ́tò inú ara náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń bọ̀ fún oṣù mẹ́ta kò lè ra bẹ́ẹ̀dì. Kò lè tọwọ́ bọ ìwé ilé ọlọ́dún kan. Hòtẹ́ẹ̀lì sì wọ́n. Ohun tó ń wá ni ilé tí ó lè gbé àpótí rẹ̀ wọ̀ lónìí, kí ó sun, kí ó sì jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́la.

Ilé-iṣẹ́ tó rán an wá sábà máa ń fi owó ibùgbé kún owó rẹ̀. Bí ó bá ní ilé tirẹ̀ níbi tó ti wá, tí ó ṣì ń náwó lé e lórí, ìjọba kì í gba owó-orí lórí owó ibùgbé yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ìwé àdéhùn àti rìsíìtì lọ́wọ́ onílé. Ẹ má fẹnu lásán bá wọn ṣe é. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Furnished Finder, níbi tí onílé ti ń san owó ọdọọdún kí orúkọ ilé rẹ̀ lè wà níbẹ̀.

Ilé-ìwòsàn kò sì wọ́n ní àyíká wa. University Hospital àti Newark Beth Israel wà ní Newark, Cooperman Barnabas wà ní Livingston. Àwọn èèyàn wa sì pọ̀ ní Irvington, ní East Orange àti ní Newark fúnra rẹ̀. Nítorí náà n kò sọ pé òwò yìí kò sí. Ó wà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

ÌṢIRÒ ILÉ TÈMI

Ilé onípele méjì ni èmi àti ìyàwó mi ń san owó rẹ̀ fún báǹkì. Àwa ń gbé ìsàlẹ̀, ayálégbé ń gbé òkè. Ayálégbé wa tó kó lọ ní ìparí ọdún 2021 ń san 1,900 dọ́là lóṣù, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń san owó iná àti gáàsì. Lásìkò náà, nítorí àrùn kòrónà, owó tí nọ́ọ̀sì alárìnkiri ń gbà ni gbogbo ẹnu ń sọ. Mo ní kí n náà lọ bu tèmi. Mo ra bẹ́ẹ̀dì, àga, tábìlì, ẹ̀rọ ìfọṣọ, aṣọ ojú fèrèsé, ìkòkò, abọ́, títí dé orí ṣíbí. Nígbà tí mo fi máa ka rìsíìtì pọ̀, 7,200 dọ́là ti lọ. Mo pe ilé náà ní 2,600 dọ́là lóṣù, pẹ̀lú iná, gáàsì àti íntánẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ọdún 2022 ṣe lọ. Oṣù kìíní, à ń kó ẹrù sí i. Obìnrin kan láti Georgia gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nígbà tó sì ń lọ, ilé mọ́ ju bí a ṣe fún un lọ. Oṣù kan tẹ̀ lé e tí ilé ṣófo. Ẹnìkejì wá. Kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí ilé-ìwòsàn tó pè é fi fagi lé àdéhùn rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ sunkún níwájú ìyàwó mi. Kí ni kí n ṣe? Òṣìṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ ni mí. Mo gba owó oṣù kan àti ààbọ̀, mo dá ìyókù tó ti san padà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù méjì àti ààbọ̀ gbáko, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Ẹnìkẹta dé ní oṣù kẹwàá, ó sì gbé ibẹ̀ títí ọdún fi parí.

Ẹ mú bírò. Oṣù méje àti ààbọ̀ lówó wọlé, ó jẹ́ 19,500 dọ́là. Iná, gáàsì, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìtọ́jú ilé kó 3,900 nínú rẹ̀ lọ́dún. Ó ku 15,600. Ẹ yọ owó ẹrù tí mo rà, 7,200. Ó ku 8,400. Ayálégbé mi àtijọ́ ì bá ti san 22,800 láàárín ọdún kan náà, n kò sì ní í ra ṣíbí kan fún un.

Ní ọdún 2023, oṣù mẹ́wàá ni ilé kún. 26,000 wọlé, 3,900 jáde, ó ku 22,100. Ó ṣì fi 700 dín sí ti ayálégbé. Ní ọdún 2024, oṣù mọ́kànlá ni ó kún, ohun tó kù jẹ́ 24,700. Ní ọdún kẹta yìí ni mo tó rí èrè tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, 1,900 dọ́là. Ẹ ka ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 55,200 ni mo rí. Ti ayálégbé ọlọ́dún ì bá jẹ́ 68,400. Èmi tí ẹ ń sọ pé mo ń rọ́wọ́ mú yìí, mo ṣì wà lẹ́yìn ní 13,200 dọ́là.

Ẹ óò ní kí ló dé tí n kò fi dáwọ́ dúró. Owó ẹrù ti jáde tán, kò ní í tún jáde lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Nígbà tí ìyá mi wá láti ilé ní 2023, oṣù méjì tí òkè ṣófo yẹn ni màmá fi sùn níbẹ̀, wọn kò sùn nínú pálọ̀ wa. Ilé náà sì wà lórí mi, bí omi bá ń jò mo máa ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ti mọ nọ́ńbà ilé mi báyìí: bí kò bá kún fún oṣù mẹ́wàá àti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ nínú ọdún, ayálégbé lásán sàn jù ú lọ. Ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà ilé tirẹ̀, kí ó má tíì ra bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má sì fi ojú ìgbà kòrónà wo ìsinsìnyí. AMN Healthcare wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí. Owó tó wọlé fún un ní 2022 lé ní bílíọ̀nù 5.2 dọ́là. Ní 2023 ó wálẹ̀ sí nǹkan bí bílíọ̀nù 3.8. Ní 2024 ó kù bíi bílíọ̀nù 3. Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtàn 2022 ni wọ́n ṣì ń sọ fún wa.

OHUN TÍ NỌ́Ọ̀SÌ Ń WÁ

Nínú èyí, àwa mọ̀ ju àwọn olówó lọ, nítorí à ń bá wọn ṣiṣẹ́. Wákàtí 12 ni wọ́n sábà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, ọ̀sán gangan ni òru tirẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni aṣọ fèrèsé tó dúdú tí oòrùn kò lè là kọjá. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ ìfọṣọ nínú ilé, àyè mọ́tò, àti títì tó dúró dáadáa lójú ilẹ̀kùn, nítorí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin tó dá nìkan wá sí ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Àwòrán ara ògiri kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Mo ra àwòrán ní 300 dọ́là, wọ́n ní kí n gbé e kúrò kí àwọn lè rí ibi gbé ago sí.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnì kan á ní nọ́ọ̀sì ni òun, á fi sọ̀wédowó ránṣẹ́ tó ju owó ilé lọ, á ní kí o dá ìyókù padà kíákíá. Ìwọ á fi owó gidi ránṣẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan báǹkì á sọ pé sọ̀wédowó náà kò dára. Owó rẹ ti lọ.

ÒFIN

Òfin New Jersey tó ń dáàbò bo ayálégbé ti wà láti ọdún 1974, òfin rere sì ni fún àwa tálákà. Onílé kò kàn lè lé èèyàn jáde torí pé ìwé àdéhùn parí. Ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin mọ̀. Òfin náà yọ onílé tó ń gbé inú ilé náà fúnra rẹ̀ sílẹ̀, bí yàrá àfiháyà ibẹ̀ kò bá ju méjì lọ. Èmi wà lábẹ́ èyí. Ẹni tó lọ ra ilé síbòmíràn tí kò gbé ibẹ̀, kí ó lọ rí lọ́yà kí nọ́ọ̀sì kankan tó wọlé.

Owó-orí kan tún wà lórí ibùgbé ọlọ́jọ́ kúkúrú tí a gbà nípasẹ̀ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Airbnb. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ tó 90 ọjọ́ léraléra bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ 13 wò: ọjọ́ 91 ni. Ọjọ́ kan péré ló là wọ́n. Bí wọ́n bá fagi lé àdéhùn nọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀rọ̀ yí padà. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìlú tí ilé wà, àti lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yín, kí iná tó jó ni o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

FÓÒNÙ TÓ DÚN NÍ OṢÙ KẸJỌ

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́.

Mo sọ fún yín pé ilé mi ṣófo fún oṣù méjì àti ààbọ̀ ní 2022. Ní oṣù kẹjọ, tí báǹkì ń retí owó rẹ̀, fóònù mi dún. Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní òun ń wá ibùgbé fún nọ́ọ̀sì mẹ́rin. Òun ó san 1,500 dọ́là lọ́sẹ̀, òun ó sì san ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀. 6,000 dọ́là! Mo ti ń yọ gbèsè kúrò lọ́kàn mi bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìyàwó mi ń gé ẹ̀fọ́. Ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ilé-ìwòsàn wo?” Mo dárúkọ rẹ̀. Ó ní, “Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀?” Mo sọ ọjọ́ náà. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní àwọn ó yanṣẹ́ lódì?”

Ẹ̀yin ará, òfin ilẹ̀ yìí ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn gbọ́dọ̀ fún ọ̀gá ní ìwé ọjọ́ mẹ́wàá kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí àwọn aláìsàn ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá kan náà ni àwọn ọ̀gá fi ń wá ẹni tó máa gba ipò wa, àti ibi tí wọn ó sùn sí. Ilé mi wà lára ibi tí wọ́n ń wá.

N kò fẹ́ parọ́ fún yín. N kò sọ pé rárá lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó pè mí lọ́la. Èmi aṣojú yín, tí mo máa ń gbé pátákó káàkiri, mo jókòó nínú òkùnkùn títí aago méjì òru kọjá, mò ń ro 6,000 dọ́là. Nígbà tó pè lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un pé ilé kò sí. Ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì kò tíì pé tí ẹgbẹ́ àti ọ̀gá wọn fi fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tì mí fún òru ọjọ́ kan yẹn. Mo sì mọ ohun tó jẹ́ kí n ro ó. Bí ilé mi bá kún lọ́jọ́ náà, n kì bá má ro ó ní ìṣẹ́jú kan. Òfìfo ilé àti gbèsè báǹkì ló jókòó tì mí.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New Brunswick. Nọ́ọ̀sì bíi 1,700 ní Robert Wood Johnson University Hospital yanṣẹ́ lódì ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ 2023, nítorí iye aláìsàn tí wọ́n ń dì lé nọ́ọ̀sì kan lórí. Oṣù kejìlá ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó tí ilé-ìwòsàn náà ná sórí àwọn tó wá gba ipò wọn lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Àwọn tó wá yẹn sun síbì kan lálaalẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ni.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi gbọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nọ́ọ̀sì alárìnkiri kì í ṣe ọ̀tá wa. Wọ́n wá dí àlàfo tí àwọn ọ̀gá kò dí ni. Nínú wọn ni ọmọ wa wà, nínú wọn ni àbúrò wa tó fi Nàìjíríà sílẹ̀ tó ń wá ọjọ́ iwájú wà. Ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá pè: Ilé-ìwòsàn wo? Ọjọ́ wo? Lẹ́yìn náà, kí ẹ pe ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

ÌMỌ̀RÀN MI

Sí ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì: bí ẹ kò bá tíì pé ọmọ ọdún 59 àti ààbọ̀, àfi nítorí ìdí díẹ̀ kan tí òfin kà sílẹ̀, ìjọba ó gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, owó-orí ó sì tún wà lọ́tọ̀. Ẹ ti pàdánù kí ẹ tó ra ìrọ̀rí kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó náà sílẹ̀.

Sí àbúrò wa tó fẹ́ gba ilé onílé kí ó tún fi í háyà: bí onílé kò bá kọ ìwé pé òun gbà, ọjọ́ tó bá mọ̀ ni ọjọ́ tí ẹ ó jáde. Bí ó bá sì gbà, tí owó ilé jẹ́ 2,000 lóṣù, oṣù méjì tí kò bá sí nọ́ọ̀sì, 4,000 dọ́là gbèsè ni. Onílé kò ní í bá yín pín òfìfo.

Sí ẹni tó fẹ́ kó èsúsú kí ó tó kàn án: owó èèyàn mẹ́wàá ni. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Ẹni tó bá ní yàrá nínú ilé tirẹ̀, tó ní owó tí kò ní í fi jẹun, kí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ó ṣírò ọdún bí ẹni pé oṣù mẹ́sàn-án péré ni ilé máa kún. Bí ilé bá lè bọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú oṣù mẹ́sàn-án, ó lè sùn, fóònù yòówù kó dún. Bí kò bá lè bọ́ ara rẹ̀, a jẹ́ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà ó jókòó nínú òkùnkùn bíi tèmi. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ bá ju tèmi lọ, n kò mọ ohun tí yóò dáhùn láàárọ̀.

Alága, àbá kan ni mo fi sílẹ̀. Kí akọ̀wé ṣí ìwé kan sílẹ̀ tí a ó kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tó ní yàrá sí, kí a sì lẹ àkọlé kan mọ́ pátákó ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ìwòsàn tiwa yìí á tipa bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ó lè wọ̀ láìbọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Àwa náà á sì mọ ẹni tó ń sùn nílé wa àti ohun tó wá ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá kín àbá yìí lẹ́yìn, kí ó nawọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ òru, ẹ lọ sùn.